Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun: Dókítà tó wá ìdí àìsàn ẹsẹ̀ tó ń da Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú láàmú

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtòkín láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rí oko ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà. Ní Agric níbí, gàrí kò wọ́n ní àdúgbò kankan. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò ni wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá. Olówó ń mu ún, mẹ̀kúnnù ń fi tẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí oúnjẹ yìí, nítorí àìsàn kan tó ń mú àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú lẹ́sẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí tó ti fi ayé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wádìí ṣì kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà.

Bí àìsàn náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àtẹ́lẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa jóni bí ẹni tó tẹ iyanrìn gbígbóná, tàbí kó máa ṣe yìnrìn-yìnrìn bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Tó bá yá, ẹsẹ̀ á kú, ẹni náà kò sì ní mọ̀ ìgbà tí sálúbàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ òun. Ojú á máa ṣe bàìbàì. Etí á máa di díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè má fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló ń mú jù, pàápàá àwọn tí kò rí jájẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Wọ́n á ní orogún tàbí ará ilé ló dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnì kan nínú agbo ilé ní ìwòkuwò, owó tó yẹ kí wọ́n fi jẹun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ibòmíràn lọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká nílẹ̀ Yorùbá.

Kí Ọ̀ṣúntókun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹlòmíràn ti kíyè sí àìsàn yìí. Ní 1958, Dókítà Gottlieb Monekosso, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà nígbà náà, kọ ìwádìí kan jáde lórí àìsàn iṣan tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ó rí i pé kì í ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, pé ó ń mú àwọn èèyàn káàkiri agbègbè náà. Ohun tó ń fà á gan-an ni ó kù tí wọ́n ní láti wá.

Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n ti bí Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní 1935. Ìlú akọni ni Òkèmẹ̀sí. Ibẹ̀ ni Fábùnmi, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ogun Kírìjí, ti wá. Ó kàwé ní Christ's School ní Adó-Èkìtì, lẹ́yìn náà ó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà náà, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, 1962 ló tó di Yunifásítì Ìbàdàn tó dá dúró. Ilé ìwòsàn UCH pàápàá ṣì jẹ́ tuntun, 1957 ni wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn tó gboyè, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ síwájú sí i, ó sì padà sí Ìbàdàn.

Kò ju ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lọ tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní Nàìjíríà láyé ìgbà yẹn. Ní 1962 ni Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwé, dé sí UCH láti òkè òkun. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọdẹ́kù ń fi ọ̀bẹ tọ́jú èyí tí ọ̀bẹ lè tọ́jú. Ọ̀ṣúntókun ní tirẹ̀ ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ: àwọn tí wárápá ń mú, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, àwọn tí wọn kò lè dá dúró mọ́. Láàárín àwọn wọ̀nyí ló ti pàdé àwọn aláìsàn tó ń wá láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú.

Lónìí, ẹ̀rọ wà tó ń ya àwòrán inú ọ̀pá ẹ̀yìn kedere. Ní àwọn ọdún 1960, kò sí irú rẹ̀. Ojú, ọwọ́ àti òòlù kékeré onírọ́bà ni dókítà iṣan fi ń wádìí ohun tó bàjẹ́ nínú ara. Aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì dirodiro. Dókítà á fi òòlù náà kan iṣan tó wà lábẹ́ orúnkún pẹ́rẹ́. Tí ara bá pé, ẹsẹ̀ yẹn á ta síwájú fúnra rẹ̀.

Ó tọ́ kí a yé ara wa lórí èyí, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ tí Ọ̀ṣúntókun fi ṣí ilẹ̀kùn náà. Tí òòlù bá kan abẹ́ orúnkún, ẹran itan á nà díẹ̀. Iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn á mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn okùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í dúró kí ọpọlọ kọ́kọ́ gbọ́. Ojú ẹsẹ̀ ló ń fún iṣan mìíràn ní àṣẹ, tí èyí náà á sì sáré lọ sọ fún ẹran itan pé kó fà. Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọmọ bá fẹ́ yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá kì í kọ́kọ́ lọ bi bàbá ọmọ kó tó fọwọ́ gbá a mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń ṣe.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ. Tí o bá fẹ́ dìde, tí o bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀, ọ̀nà yìí ni àṣẹ ń gbà wá. Apá òsì ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún apá ọ̀tún ara, apá ọ̀tún ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún apá òsì. Ọ̀nà yìí kan náà ló tún ń kó ọ̀pá ẹ̀yìn níjàánu kó má baà máa ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, tí ọ̀nà náà bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ọpọlọ, ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ẹ̀gbẹ́ náà á máa gan tó bá yá, tí òòlù bá sì kàn án, á ta fìrì ju ẹsẹ̀ kejì lọ.

Ọ̀nà kejì ń gòkè lọ sí ọpọlọ. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, bóyá ó tẹ ilẹ̀ tàbí kò tẹ̀ ẹ́, bóyá orúnkún ká tàbí ó nà. Ẹ jẹ́ ká fi àlùwàlá ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti bọ́jú, tí a sì di ojú nítorí omi, a kì í ṣubú. Ẹsẹ̀ ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ láìlo ojú. Ẹni tí ọ̀nà ìgòkè yìí bá ti bàjẹ́ nínú ara rẹ̀, ojú ló fi ń rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti di ojú báyìí láti bọ́jú, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè ṣubú. Bó bá ń lọ sí mọ́sálásí fún ìrun àsùbáà nínú òkùnkùn, á máa fọwọ́ tá ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára dáadáa o, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó wà. Àwọn dókítà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ èyí wò: wọ́n á ní kí aláìsàn kó ẹsẹ̀ jọ, kó dúró, kó sì di ojú, àwọn á sì dúró tì í kó má ṣubú.

Pẹ̀lú òòlù, ìdúró àti ìdijú yìí, dókítà tó mọṣẹ́ lè mọ èyí tó bàjẹ́ nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìla ara aláìsàn. Tí ẹsẹ̀ kò bá ta rárá, iṣan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń ta jù, tó sì gan, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ láti ọpọlọ ni. Tó bá ní agbára ṣùgbọ́n tó ń ṣubú bó bá ti dijú, ọ̀nà ìgòkè ni.

Lára àwọn aláìsàn tó wá láti Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà ìgòkè ló ti bàjẹ́ jù. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò ta mọ́ tí òòlù bá kàn án, ti àwọn mìíràn sì ń ta jù, èyí tó fi hàn pé nǹkan náà ti dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ọ̀ṣúntókun kò dúró sórí òòlù nìkan. Ó lo ẹ̀rọ tó ń fi iná díẹ̀ ta iṣan láti wọn bí ìròyìn ṣe ń yára tó nínú rẹ̀. Nínú iṣan ẹsẹ̀ tó dá ṣáká, ìròyìn ń sáré tó ìwọ̀n mítà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ba eré yẹn jẹ́ ló wá ń wá.

Ó ní láti kọ́kọ́ yọ àwọn ohun mìíràn kúrò. Àrùn ìbálòpọ̀ kan wà tó máa ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ tí ìrìn á fi dà bí èyí gan-an. Ìtìjú ni ìyẹn ì bá jẹ́ fún baba arúgbó tàbí ìyá àgbà kan láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn pé kì í ṣe òun. Kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe àsàsí. Bí wọ́n bá wá béèrè ohun tí àwọn aláìsàn ń jẹ, ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ẹran tàbí ẹja inú ọbẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní linamarin. Bó ṣe wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì gé, kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti rin ín, omi inú rẹ̀ á pàdé ohun mìíràn tó máa ń tú u palẹ̀, oró sayánáìdì á sì jáde. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe látayébáyé ni ó ń lé oró náà lọ. Rírin ń tú u sílẹ̀. Fífi sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, àti fífi òkúta tàbí jáákì tẹ omi rẹ̀ jáde, ń gbé e lọ. Yíyan nínú agbada gbígbóná ń lé èyí tó kù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé ọjọ́ náà kúrú, díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Díẹ̀ yẹn kò ní pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ara ní ọ̀nà tó fi ń sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ohun tí ara ń lò fún iṣẹ́ yìí, inú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà ló ti ń rí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ tí kò sì rí ìwọ̀nyí jẹ, gbèsè ń pọ̀ sí i lára rẹ̀ lọ́dọọdún.

Èyí ni Ọ̀ṣúntókun fi ìwádìí gbè lẹ́sẹ̀. Ó rí i pé ohun tí sayánáìdì máa ń dà nínú ara pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà ju ti àwọn mìíràn lọ. Bí wọ́n bá dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá padà sílé sídìí ẹ̀gẹ́, ó tún ń gòkè. Ní 1968, ó gbé ìwádìí ńlá jáde lórí àìsàn yìí nínú Brain, ìwé ìwádìí kan tí àwọn dókítà ọpọlọ káàkiri ayé ń kà. Ní 1969, òun, Monekosso àti John Wilson gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ìlú jáde lórí àìsàn náà àti oúnjẹ. Ní 1970, ó tún gbé èyí tó fi eku ṣe jáde, àwọn eku tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ bọ́. Ọdún yẹn náà ló di Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni ọdún 35.

Àwọn tó ti wà lórí àìsàn ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dunni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní oríṣi fítámì B tí wọ́n lérò pé ó lè bá oró náà jà. Wọn kò fojú lásán wò ó. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́, wọ́n fi wọ́n wéra, bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Èsì tó jáde ní 1970 fi hàn pé oògùn náà kò dá iṣan tó ti kú padà. Wọ́n tún gbìyànjú àdàlù mìíràn ní 1974, kò tún yàtọ̀. Ọ̀ṣúntókun tẹ èsì náà jáde bó ṣe rí gan-an. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ibi tí agbára wà ni kí àìsàn náà tó dé, nídìí agbada àti nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Àìsàn mìíràn wà tó jẹ́ ìbátan èyí níbòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ń pè é ní konzo. Ní Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ní èdè àwọn Yaka níbẹ̀, ohun tí orúkọ náà ń sọ ni ẹsẹ̀ tí wọ́n dè. Ní 1981, nígbà ọ̀dá ní àríwá Mòsáḿbíìkì, ó mú àwọn èèyàn tó lé ní 1,000. Ebi ń pa wọ́n, wọn kò sì lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ti konzo kì í pẹ́ ọdún kó tó dé. Ó lè mú èèyàn láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ láti ọpọlọ ló ń kọlù, ẹsẹ̀ méjèèjì á gan, wọ́n á sì máa ta fìrìfìrì tí òòlù bá kàn wọ́n. Èrò pé wọ́n dè èèyàn lẹ́sẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn náà, bó ṣe wà lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun kò mọ síbẹ̀. Ó ṣe olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, ó sì di olùdarí àgbà UCH ní àwọn ọdún 1980. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ní Igbó-Ọrà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé, wọ́n yẹ àwọn èèyàn tó lé ní 18,000 wò, wọ́n sì rí i pé nínú 1,000 èèyàn, bíi márùn-ún ni wárápá ń mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà fi àwọn arúgbó Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, láti mọ bí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ṣe wọ́pọ̀ tó. Ní Ìbàdàn, ó jẹ́ 1.41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Indianapolis, 6.24. Èsì náà jáde ní 1995. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun kú, ẹni ọgọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ sí Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tí ìwádìí 1969 ti sọ pé àìsàn náà wọ́pọ̀ sí. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2000, wọ́n yẹ 3,428 èèyàn wò, wọ́n sì rí 206 tí ó mú. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn olùwádìí yìí kan náà tún rí ìlú mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ oró ẹ̀gẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí àìsàn náà kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí mú kí wọ́n máa béèrè bóyá sayánáìdì nìkan ló ń fà á, tàbí ohun mìíràn tún ń bá a ṣiṣẹ́. Àríyànjiyàn náà ò tíì parí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, tàbí pé iṣan tó ti kú ṣòro láti jí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan gàrí ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní gbogbo ìletò tó wà láàárín wọn, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà tó ń kánjú gé ọjọ́ ẹ̀gẹ́ kúrú nínú àpò. Ẹ jẹ́ kó kan, ẹ tẹ omi rẹ̀ dáadáa, ẹ yan án kó jinná. Gàrí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹja ọjà Olúwo, ẹyin tàbí ẹ̀wà máa bá ẹ̀bà rìn, kódà kó jẹ́ díẹ̀. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá tàbí ìyá yín bá sì ń jó, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá dijú láti bọ́jú, tí ojú tàbí etí wọn sì ń lọ, ẹ má wá ẹni tó dè wọ́n. Oríṣiríṣi nǹkan ló lè fà á, títí kan àtọ̀gbẹ. Ẹ tètè mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí dókítà fi òòlù kan orúnkún wọn, kó sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ.